Mo fẹ́ ṣe ju iṣẹ́ mi lọ fún àwọn Júù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ l'Ábújá, àmọ́ ó dà bíi pé ṣe ni mò ń da nǹkan rú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì Kárú:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti bá irú àwọn èèyàn yìí ṣiṣẹ́ rí ò ní ṣàì sí níbí. Èmi ni mò ń bójú tó iná, omi àti jẹnẹrétọ̀ ní ilé kan tí àwọn Júù ti máa ń péjọ níbí l'Ábújá, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí kò pọn dandan. Kì í ṣe ilé àdúrà nìkan o, àwọn ọmọdé ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n ń gba àlejò tó bá ti òkè òkun wá, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ kọngílá náà máa ń wá jẹun alẹ́ Jímọ́ọ̀ níbẹ̀. Mo ti ń lo oṣù keje lọ, wọ́n sì ń ṣe dáadáa sí mi. Owó mi ò pẹ́ rí. Tó bá jẹ́ Jímọ́ọ̀ ni oṣù parí, wọ́n á ti kà á sí mi lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, wọ́n ṣì wà nídìí tábìlì, mò ń gbọ́ orin wọn láti yàrá ẹnu géètì, àfi kí NEPA mú iná lọ. Àwọn àbẹ́là tí wọ́n tàn sórí tábìlì látìrọ̀lẹ́ ti jó tán, ibẹ̀ wá dúdú kirikiri, ẹ sì mọ bí ooru oṣù kẹta ṣe máa ń rí ní ìlú yìí. Mo ti ṣíwọ́ iṣẹ́ láti aago mẹ́fà o, gósìlóò ọ̀nà Nyanya ni mò ń sá fún tí mo fi dúró. Mo bá sáré lọ tan jẹ́n, mo yí súwíìṣì, iná dé. Inú mi dùn gan-an, mo ní mo ti ṣe wọ́n lóore tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Kí n tó padà dé àga mi, orin ti dákẹ́. Ìgbà tó ṣe, mo rí wọn tí wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá gbé ọmọ sọ́rùn, àwọn ọkùnrin gbé àga, wọ́n lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé níbi tí iná ò dé, abẹ́ òṣùpá ni wọ́n ti parí oúnjẹ wọn.

Rábì, aṣáájú ẹ̀sìn wọn, wá bá mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun mọ̀ pé inú rere ni mo fi ṣe é. Mo bi í pé ọ̀gá, ṣé kí n pa á? Kò ní kí n pa á, kò sì ní kí n má pa á. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Èmi náà wá dúró síbẹ̀ bí igi.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí o. Àmọ́ ọmọ kékeré kan, kò lè ju ọdún mẹ́ta lọ, ni mo rí tó ń làágùn lọ́rùn ìyá ẹ̀ nínú òkùnkùn, nígbà tí fáànù ń yí lófìfo nínú ilé, ohun tí mi ò gbàgbé títí di òní nìyẹn. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí, mo sì fẹ́ ṣe ju ohun tí wọ́n ń san owó fún lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí kò fi ní di ìyà fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n ṣe iṣẹ́ mi kí n máa lọ sílé, ìyẹn kọ́ ni mò ń bèèrè.

Ìyá Ṣọpẹ́ Alásè:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì pẹ̀lẹ́. Ó yé mi dáadáa torí mo se oúnjẹ fún irú wọn fún ọdún mẹ́ta ní Màítámà. Oṣù àkọ́kọ́, mo sunkún.

Ìyàwó rábì ló máa ń wá tan iná gáàsì láràárọ̀. Ojoojúmọ́ o! Màá ti gé àlùbọ́sà tán, màá ti gbé ìkòkò ka iná, á wá láti òkè, á ṣáná sí i, á kí mi, á padà sókè. Mo ní kí ló dé, ṣé ó rò pé mo fẹ́ fi májèlé sí oúnjẹ ni? Lọ́jọ́ kan mo wá ṣe bí ọlọ́yàyà, mo jí ní aago márùn-ún, mo tan gbogbo iná, mo ti se ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìẹ kalẹ̀ kó tó jí, mo ní kó sinmi lónìí. Ojú obìnrin yẹn yí padà. Ó jókòó sí kíṣìnnì lórí àga kékeré, ó fà mí mọ́ra, ó wá ṣàlàyé fún mi pé nínú òfin wọn, oúnjẹ tí ẹlòmíì bá dá sè látòkèdélẹ̀ fún wọn, wọn ò lè jẹ ẹ́, àmọ́ tí Júù kan bá ti lọ́wọ́ nínú títan iná yẹn, ó ti tó, kí n máa ro ọbẹ̀ mi lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kò fọkàn tán mi. Èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ la jẹ oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Látìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣàfikún padà. Màá jí ní aago márùn-ún náà o, àmọ́ ẹ̀fọ́ ni màá máa wẹ̀. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀fọ́! Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ kòkòrò, bó ti wù kó kéré tó, torí náà màá rẹ ẹ sínú omi iyọ̀, màá wá na ewé kọ̀ọ̀kan síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, iwájú, ẹ̀yìn, títí tó fi máa tán. Ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá fọ́ ọ sínú gíláàsì kí n tó dà á pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, màá dà á nù. Ìkòkò ẹran lọ́tọ̀, ti mílíìkì lọ́tọ̀, kànìnkànìn pàápàá méjì. Èmi ni mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹran, mo so búlúù mọ́ ti mílíìkì, kí ọmọ tó ń bá mi fọ abọ́ má bàa ṣì í gbé. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe é. Ọjọ́ tí màdáámù rí òwú yẹn, ó pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù ní Ísírẹ́lì, ó ní kó wá wò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kúbwà:

Ẹ má bínú o, àmọ́ ṣé gbogbo wàhálà yìí ò ti pọ̀ jù? Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú òkùnkùn, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín.

Alhaja Ẹlẹ́ja Wúsè:

Ọmọ Ìjẹ̀bú, rárá o, má sọ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí lèmi, ọmọ Ìlọrin. Tí wọ́n bá gbé ẹran tí wọn ò fi orúkọ Ọlọ́run pa fún mi, mi ò ní jẹ ẹ́, bí ebi ń pa mí kú lọ, ó sì máa ń dùn mọ́ mi tí ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì bá rántí láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Kí ló wá dé tí a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì?

Àwọn Júù máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Ẹja tó bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ, ó wà nínú Bíbélì ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì náà, Léfítíkù orí 11. Ẹ̀pìyà, ó dáa. Títọ́ọ̀sì, ó dáa. Ẹja àrọ̀ ò ní ìpẹ́ nítiẹ̀, ó lọ nìyẹn, edé náà lọ, ìgbín lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá, mo máa ń ṣe bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo kọ́sítọ́mà pàtàkì, màá ti ha ìpẹ́ kúrò, màá ti gé e wẹ́wẹ́, màá ti fi í sínú ọ̀rá kí wọ́n tó dé kí wọ́n má bàa dúró nínú oòrùn. Wọ́n á wò ó, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n ò ní rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ìgbà kẹta ni mo bi dírẹ́bà wọn. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí ìpẹ́ lára ẹja yẹn, àti pé ọ̀bẹ tí mo fi gé àrọ̀ ni mo fi ń gé tiwọn.

Mo wá ra ọ̀bẹ tuntun àti pákó tuntun, mo fi wọ́n sínú báàgì lọ́tọ̀, tiwọn nìkan ni mo fi ń gé. Odidi ni mo máa ń tọ́jú ẹja wọn sí, tòun tìpẹ́ ẹ̀, wọ́n á wò ó tán kí n tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ẹ̀ kéré sí tàtẹ̀yìnwá, àmọ́ òun ni wọ́n ń fẹ́.

Káfíńtà Màràrábà:

Alhaja ẹ ṣeun. Tèmi rèé ní kúkúrú. Wọ́n gbéṣẹ́ fún mi pé kí n kan àgọ́ kan sínú ọgbà fún àjọ àgọ́ wọn, ọjọ́ méje ni wọ́n fi máa ń jẹun nínú ẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, òjò Ábújá ò tíì lọ nígbà yẹn. Àánú wọn ṣe mí. Mo wá abẹ́ igi máńgòrò tó tutù, mo kàn án síbẹ̀. Orí ẹ̀, wọ́n ní kí n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, mo ní hàà, òjò máa pa wọ́n, mo fi owó ara mi ra páànù, mo fi bò ó fínnífínní, mo wá to imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù fún ẹwà.

Gbogbo ẹ̀ ni mo tú. Ohun tó hù láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti gé ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òrùlé ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ igi, òjìji inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju oòrùn lọ, wọ́n sì ń fẹ́ kí wọ́n lè máa rí ìràwọ̀ láàárín ewé. Tí òjò bá rọ̀ débi tí ọbẹ̀ á fi bàjẹ́, òfin wọn gan-an ló ní kí wọ́n wọlé. Àní wọ́n ti mọ̀ nípa òjò kí wọ́n tó bí bàbá mi!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, n ò dúró kí wọ́n pè mí. Mo lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo ní ẹ jẹ́ ká jọ rìn yí ọgbà ká, ẹ fi ibi tí ẹ fẹ́ hàn mí. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ìyá àgbà kan wà tó ń fi ọ̀pá rìn, mo wá kan pákó pẹlẹbẹ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ yẹn kó má bàa gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyẹn ò ba òfin kankan jẹ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kàdúná:

Mo kí gbogbo yín. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti ka díẹ̀ nínú ìwé àwọn Júù, ẹ jẹ́ kí n dá Bàbá Ìbejì lóhùn lórí ọ̀rọ̀ iná yẹn gan-an.

Ìwé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Míṣínà, ó ti lé ní 1,800 ọdún tí wọ́n ti kó o jọ. Ọ̀rọ̀ yín wà nínú ẹ̀, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ títí di alẹ́ Sátidé, tí wọn ò gbọ́dọ̀ tan iná. Ó ní tí ẹni tí kì í ṣe Júù bá tan fìtílà fún ìlò ara ẹ̀, Júù lè lo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ tìtorí Júù ló ṣe tàn án, kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bákan náà ni tó bá pọn omi fún ẹran ọ̀sìn ẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa Rábánì Gàmálíẹ́lì àti àwọn àgbà tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnì kan tí kì í ṣe Júù gbé àtẹ̀gùn kalẹ̀ láti fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì bá a gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín? Tìtorí wọn lẹ ṣe tan iná. Ìfẹ́ tí ẹ fi ṣe é gan-an ló sọ ọ́ di ohun tí wọn ò lè lò. Rábì ò sì lè ní kí ẹ pa á, torí kò gbọ́dọ̀ rán yín ní iṣẹ́ tí òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín tó lọ. Ẹ má wá sọ pé ẹ̀ẹ́ máa díbọ́n bíi pé torí ara yín lẹ ṣe ń tàn án o, wọ́n á mọ̀, ẹ̀ẹ́ sì dá kún ìṣòro wọn.

Ohun tí ẹ lè ṣe wà ṣáájú kí oòrùn ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó wọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti tò sílẹ̀ kí Sábáàtì tó wọlé tó wá ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo táímà, tí wọ́n fi máa ń fi oúnjẹ sórí ohun tó ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àlàmísì ni kí ẹ lọ bá rábì, kí ẹ bi í bó ṣe fẹ́ tó bá jẹ́ pé NEPA mú iná lọ, torí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní àdúgbò tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀: tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu, àìsàn òjijì, iná, olè, kò sí òfin Sábáàtì níbẹ̀ mọ́, àwọn fúnra wọn á wa mọ́tò lọ ọsibítù.

Ní ti owó yín tó máa ń tètè dé, Diutarónómì orí 24 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, pé oòrùn ò gbọ́dọ̀ wọ̀ lórí ọ̀yà alágbàṣe. Àwọn náà sì ní orúkọ fún ohun tí ẹ̀yin ń wá yìí, kéèyàn ṣe kọjá ibi tí òfin dé. Ìtàn kan wà nínú Tálímọ́dì, ìwé ńlá wọn tó ń ṣàlàyé Míṣínà, nípa ọkùnrin kan tí àwọn alárù fọ́ ìkòkò wáìnì ẹ̀, ó wá gba aṣọ wọn dúró. Wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ọ̀gá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Rav. Rav ní kó dá aṣọ wọn padà. Ọkùnrin yẹn ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin sọ? Rav ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fi Òwe 2:20, tó ní kéèyàn máa rìn ní ọ̀nà àwọn èèyàn rere, gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn alárù ní tálákà làwọn, àwọn ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ebi ń pa àwọn, àwọn ò ní nǹkan kan. Rav ní ó yá, san owó iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin yẹn tún ní ṣé òfin nìyẹn náà? Rav ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ Bíbélì kan náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Wáìnì ló dà nù, alárù ló fọ́ ọ, síbẹ̀ wọ́n gbowó lọ sílé.

Àbíkẹ́ Baltimore:

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará Ábújá, Gàrkí ni wọ́n bí mi sí, Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí. Ìlú tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ti dá irú ilé ìpéjọ àwọn Júù àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ní 1854, ti New York tẹ̀ lé e ní 1874, wọ́n sì ti wá di JCC (Jewish Community Center) tó wà káàkiri báyìí. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, Júù tàbí ẹni tí kì í ṣe Júù, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà, àwọn arúgbó máa ń wá jẹun ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tọ́jú ọmọ ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe Júù.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2017, àwọn kan ń pe fóònù sí àwọn JCC káàkiri Amẹ́ríkà pé àwọn ti ri bọ́ǹbù mọ́ ibẹ̀. Irọ́ ni, àmọ́ ta ló fẹ́ dúró wò ó? Ó kan ibi tí mo wà. Àwọn ọmọ ọwọ́ ló wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, òtútù ń mú gan-an. Ìwé tí wọ́n fún wa ní kí a kó àwọn ọmọ sínú bẹ́ẹ̀dì oní-táyà ká tì wọ́n jáde. A tì wọ́n jáde. Kò sí nínú ìwé yẹn pé ká ṣe nǹkan kan sí i. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bo mẹ́ta, mo fi gèlè tí mo wé bo ìkẹrin, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin Yorùbá fún wọn torí òun ló wá sí mi lẹ́nu, wọ́n sì dákẹ́, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

Bàbá ọ̀kan nínú wọn ń sáré bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí kò lè mí dáadáa. Ó rí gèlè mi lára ọmọ ẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Títí dòní, gbogbo ìgbà tí àjọ wọn bá dé ni ọkùnrin yẹn ń pè mí.

Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ sáré lọ tan jẹ́n yẹn, wọ́n rí yín. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín fàsẹ́yìn, ẹ kàn lọ bèèrè bí àwọn àgbà ṣe wí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kúbwà:

Mo ti gbọ́, Alhaja. Mi ò rò ó débẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú.

Bàbá Ìbejì Kárú:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Olùkọ́, ẹ̀yin ni mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìfẹ́ tí mo fi ṣe é bá jẹ́ òun ló dí wọn lọ́wọ́, ó yé mi wàyí ìdí tí rábì fi dúpẹ́ tó sì tún jáde.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ Àlàmísì. Mo ní ọ̀gá, mo ti gbọ́ nípa fìtílà inú Míṣínà. Ọkùnrin yẹn dìde dúró! Ó pe ìyàwó ẹ̀, ó ní kó wá gbọ́ ohun tí mo sọ. A jọ jókòó fún wákàtí kan ó lé. Ó fi ìka tọ́ka sí gbogbo ohun tí wọ́n nílò láti alẹ́ Jímọ́ọ̀ títí ìràwọ̀ mẹ́ta fi máa yọ lálẹ́ Sátidé, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ínfátà kan wà níbẹ̀ tí bátìrì ẹ̀ ti kú látọdún tó kọjá, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tèmi ni mo fi gbé e lọ tún ṣe. Mo so yàrá àwọn ọmọ, fáànù ibi tábìlì àti iná ilé ìyàgbẹ́ mọ́ ọn, mo yọ gílóòbù tó wà nínú fíríìjì kó má bàa tàn tí wọ́n bá ṣí i, rábì wò ó tán, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ mo ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

NEPA mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú ogún. Mo wà ní yàrá géètì, mo di àga mú. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Orin yẹn ò dúró rárá.

Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ ibo gan-an ni ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Wúsè? Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yín fún màdáámù, ó ní òun fẹ́ wá ra ẹ̀pìyà lọ́jọ́ Túsìdeè, kí ẹ má ha ìpẹ́ ẹ̀ o.